Gọ́ọ̀fù ní Princeville, Òkun ní Hanalei: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣètò Ìsinmi ní Àríwá Kauaʻi

Oṣù kìíní ọdún ni mo kọ́kọ́ kó ìdílé mi lọ sí Princeville, ní erékùṣù Kauaʻi ní Hawaii. Mo gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù mi dání, àwọn ọmọ kó awò ìlúwẹ̀ẹ́ tiwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a dúró sórí bèbè òkè tó kọjú sókun. Ìgbì ń dìde, ó ń ya lu àpáta, à ń gbọ́ ọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ wa bí ìgbà tí wọ́n ń gún odó lábẹ́ ilẹ̀. Àbígbẹ̀yìn mi di aṣọ mi mú, ó ní, "Dádì, ṣé inú ibí la máa wẹ̀ sí?" Ọjọ́ mẹ́fà la lò, àwọn ọmọ ò fẹsẹ̀ kan omi òkun ìhà ibẹ̀. Èmi gbá gọ́ọ̀fù mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dùn mọ́ mi, àmọ́ ojú tí wọ́n fi ń wò mí tí mo bá wọlé ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tá a padà lọ ní oṣù keje ọdún tó tẹ̀ lé e, òkun yẹn kan náà ló pa rọ́rọ́ bí omi inú àwo.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí nìyí: ní àríwá Kauaʻi, oṣù tí ẹ bá lọ ló máa sọ ohun tí ẹ lè ṣe. Gọ́ọ̀fù wà níbẹ̀ tọdún-tọdún. Òkun kì í gbà fún ènìyàn ju nǹkan bí ìdajì ọdún lọ. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò ní fi ìsinmi ará ilé rẹ̀ ṣòfò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú oṣù kí ẹ tó mú hòtẹ́ẹ̀lì

Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, omi Hanalei, ìlú kékeré etíkun tó wà nísàlẹ̀ Princeville, àti agbègbè rẹ̀ máa ń rọ̀. Láti oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹrin, ìjì tó ń jà lókè àríwá òkun Pàsífíìkì ló ń rán ìgbì wá, ìhà àríwá erékùṣù yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ kàn. Òjò náà pọ̀ sí i lásìkò yẹn. Ẹ̀bùn tí oṣù òtútù ní ni ẹja àbùùbùtán tó máa ń wá bímọ sínú omi Hawaii láti nǹkan bí oṣù kejìlá dé oṣù kẹrin. Ẹ lè dúró lórí ilẹ̀ kí ẹ rí omi tí wọ́n ń tu sókè.

Tí ẹ bá ní ọmọ tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni tiyín. Tí ẹ kò bá ní ọmọ ilé-ìwé lọ́rùn, oṣù kẹsàn-án ni mo fọwọ́ sí: òkun ṣì rọ̀, èrò ti dín kù. Tó bá sì jẹ́ pé oṣù kejìlá tàbí ìkíní nìkan ni ibi iṣẹ́ lè fún yín láyè, ẹ wọ̀ sí Poʻipū ní gúúsù erékùṣù náà, nítorí ìgbì àríwá kì í dé ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wá máa wa ọkọ̀ lọ sí Princeville fún ọjọ́ kan láti gbá gọ́ọ̀fù. Ohun tí ǹ bá ṣe nígbà yẹn nìyẹn, ká ní ẹnì kan sọ fún mi.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ni Hawaii láti 1959, físà Amẹ́ríkà lẹ máa lò. Ẹ máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, bíi Los Angeles, Seattle tàbí San Francisco, kí ẹ tó wọ èyí tó ń lọ tààrà sí Līhuʻe ní Kauaʻi. Apá tó kẹ́yìn yìí nìkan ń gbà tó wákàtí mẹ́fà. Aago wa fi wákàtí mọ́kànlá ṣáájú tiwọn: tó bá jẹ́ aago méje alẹ́ ní Èkó, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ní Kauaʻi. Ẹ má gbá gọ́ọ̀fù lọ́jọ́ kejì tí ẹ dé. Ara ò tíì wọlé.

Ìgbésẹ̀ kejì: àwọn ohun tí wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọ̀ tí ẹ ò bá ti gbàyè sílẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń kùnà. Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dá wọn padà.

Hāʻena State Park ló wà ní òpin ọ̀nà àríwá, níbi tí etíkun Kēʻē wà, tí ọ̀nà ẹsẹ̀ Kalalau ti bẹ̀rẹ̀. Ní April 2018, òjò tó rọ̀ ní Waipā lẹ́bàá Hanalei láàárín wákàtí 24 tó íǹṣì 49.69, irú rẹ̀ ò tíì sí nínú àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà. Òkè ya, ọ̀nà gé, ó sì lé lọ́dún kan kí wọ́n tó ṣí i fún àlejò padà ní 2019. Láàárín àkókò yẹn ni àwọn ará ibẹ̀ rí bí ìlú wọn ṣe rí láìsí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i, wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí i: 900 àlejò lójúmọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kì í ṣe olùgbé Hawaii gbọ́dọ̀ gbàyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yálà ti ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí ti bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò lọ síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n ń ṣí i, ní aago méjìlá òru ti Hawaii, ìyẹn aago mọ́kànlá àárọ̀ ní Èkó. Ti ibi ìgbọ́kọ̀sí kì í pẹ́ tán. Ti bọ́ọ̀sì ló rọrùn láti rí jù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ jù, torí ẹ ò ní máa fi ọkàn sí ọkọ̀.

Kīlauea Point, níbi ilé iná òkun tí wọ́n kọ́ ní 1913, náà ń fẹ́ kí ẹ gbàyè ṣáájú, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí kí ẹ tó to ọjọ́ gọ́ọ̀fù yín.

Tee time, ìyẹn àkókò tí pápá gọ́ọ̀fù fún yín, ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó rọrùn láti sún ọjọ́ gọ́ọ̀fù síwá sẹ́yìn. Ti Hāʻena ò ṣeé sún.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀nà

Láti pápákọ̀ òfuurufú Līhuʻe sí Princeville tó nǹkan bí máìlì 30, ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún un. Ẹ yá ọkọ̀. Ẹ rí i pé ìdí ọkọ̀ náà gba àpò gọ́ọ̀fù kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń yá a fún yín.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ Hanalei. Lẹ́yìn Princeville, ọ̀nà náà sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó sì bá afárá onírin tí wọ́n kọ́ ní 1912, ọkọ̀ kan péré ló lè gba orí rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ ṣì wà títí dé Hāʻena. Kò sí iná, kò sí ọlọ́pàá. Àṣà ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ márùn-ún sí méje á tẹ̀ lé ara wọn kọjá, lẹ́yìn náà èyí tó kàn á dúró fún ìhà kejì. Ẹ ka ọkọ̀ tó wà níwájú yín. Tí ẹ bá jẹ́ ìkẹjọ, ẹ dúró, kódà bí ẹ bá ń kánjú. Awakọ̀ tí ẹ dúró dè máa gbé ọwọ́ sókè kí yín, àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín rẹ̀ nà, ìka tó kù ká. Ẹ kí i padà. Ilé àti pápá tí ẹ bá rí àkọlé KAPU lára rẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Èèwọ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn, bá a ṣe ń lò ó nílé náà ni wọ́n ń lò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gọ́ọ̀fù

Pápá tó wà nínú Princeville gan-an ni Princeville Makai Golf Club. Robert Trent Jones Jr. ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ṣí i ní 1971, wọ́n sì tún un ṣe kó tó tún ṣílẹ̀kùn ní 2010. Ihò 27 ló wà níbẹ̀, 18 ti Makai tó lọ bá etí òkun, àti 9 ti Woods tó wà láàárín igi. *Makai* ni ìhà òkun lédè Hawaii, *mauka* ni ìhà òkè. Ẹ mọ méjèèjì, torí ohun tí ará ibẹ̀ máa sọ fún yín nìyẹn tí ẹ bá béèrè ọ̀nà. Orúkọ Princeville fúnra rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Robert Wyllie wá, ọmọ Scotland tó jẹ́ mínísítà fún Ọba Kamehameha Kẹrin. Nígbà tí ọba, Ayaba Emma àti ọmọ wọn kékeré, Albert, wá kí i lóko rẹ̀ ní 1860, ó fi oyè ọmọ náà sọ oko. Ọmọ yẹn ò pé ọdún márùn-ún láyé. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá wọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹni tó kọ́ gọ́ọ̀fù ní Ìkòyí tàbí Ìbàdàn máa rí i pé kò sí kádì tó máa gbé àpò, tó máa sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ mú nọ́ńbà méje." Kẹ̀kẹ́ gọ́ọ̀fù ni wọ́n ń fún yín, ẹ̀yin lẹ ó wà á. Ẹ̀yin náà lẹ ó fi irin ha iyanrìn lẹ́yìn tí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù kúrò nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó da iyanrìn sójú koríko tí ọ̀pá yín bá gé. Ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ́rùn, kí bàtà yín má ní ìṣó irin. Tí ẹ kò bá fẹ́ ru àpò láti ilé, wọ́n ń yá ọ̀pá níbẹ̀, tọwọ́ òsì náà wà tí ẹ bá tètè sọ.

Koríko tí wọ́n gbìn ni paspalum, irú tó lè fara da omi iyọ̀. Ó ki, ó sì máa ń gbé bọ́ọ̀lù dúró lórí bí ẹni gbé ẹyin sórí òṣùká, èyí dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Àmọ́ tí òjò bá ti rọ̀, bọ́ọ̀lù kì í yí síwájú lẹ́yìn tó bá balẹ̀. Ẹ gbá a dé ibi tí ẹ fẹ́ kó dé, ẹ má retí pé á yí kún un. Lórí gríìnì, ìyẹn ojú koríko kúkúrú tí ihò wà, koríko yìí kì í fa bọ́ọ̀lù sọ́tùn-ún sósì bíi ti koríko Bermuda; gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ wò.

Afẹ́fẹ́ ni ìdánwò gidi. Láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ lọ́pọ̀ ọjọ́, ó máa ń rọra láàárọ̀, ó sì máa ń le sí i bí oòrùn bá ti ń mú. Nítorí náà, aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀ ni mo máa ń gbà. Ní ihò keje, ẹ ó dúró sórí àpáta, ẹ ó gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí òkun bọ́ sórí àpáta kejì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo wo bí ó ṣe jìnnà, mo mú ọ̀pá tó bá a mu, bọ́ọ̀lù mi gòkè dáadáa, afẹ́fẹ́ gbá a mú lókè bí ẹni mú ẹyẹ, ó sì jù ú sísàlẹ̀ sínú ìfófòó. Ẹ mú ọ̀pá kan tàbí méjì tó gùn ju èyí tí ọkàn yín sọ, kí ẹ rọra gbá a. Tí ọmọ tàbí ìyàwó bá ń gbá pẹ̀lú yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró níbi tó sún mọ́ iwájú jù. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é síbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ó bá ẹyẹ pàdé. Nēnē, ẹyẹ ìpínlẹ̀ Hawaii tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn onílà, máa ń jẹko lójú pápá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù keje, àwọn albatross, ẹyẹ òkun ńlá tí wọ́n ń pè ní mōlī, náà máa ń wá yé sí ilẹ̀ Princeville. Ohun tó jẹ́ kí ẹyẹ tó ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣì pọ̀ ní Kauaʻi ni pé mongoose, ẹranko tó ń jẹ ẹyin ẹyẹ, tí wọ́n kó wọ àwọn erékùṣù Hawaii mìíràn, ò rí ibẹ̀ gbé. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ, ẹ má fi kẹ̀kẹ́ lé wọn. Tí wọ́n bá jókòó síwájú yín, ẹ dúró títí wọn á fi kọjá.

Tówó Makai bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn ọ̀sán, ó máa ń wálẹ̀. Tàbí kí ẹ wakọ̀ lọ sí Wailua ní ìhà ìlà-oòrùn. Ìjọba ìbílẹ̀ Kauaʻi ló ni pápá yẹn, ó sì ti gbàlejò ìdíje Amateur Public Links ti gbogbo Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mẹta, ní 1975, 1985 àti 1996. Àwọn bàbá àti ìyá ará ibẹ̀ lẹ ó bá gbá. Ní tèmi, ọjọ́ tí mo gbá Wailua pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà méjì tí mi ò mọ̀ rí ni ọjọ́ gọ́ọ̀fù tó dùn mọ́ mi jù lórí erékùṣù náà. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, Kukuiolono ní Kalāheo dára: ihò mẹ́sàn-án lórí òkè, owó rẹ̀ kéré, Walter McBryde ló fi ilẹ̀ náà ta àwọn ará ìlú lọ́rẹ. Tí òjò àríwá bá sì kọ̀ tí ò dá, Poʻipū Bay ní gúúsù sábà máa ń gbẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje PGA Grand Slam of Golf láti 1994 sí 2006.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òkun

Ibi tí lifeguard, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, bá wà nìkan ni kí ẹ ti máa wẹ̀: Hanalei, Hāʻena Beach Park, Kēʻē. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọmi, ẹ ní ẹ kò mọ ibẹ̀, ẹ béèrè apá ibi tó dára. Inú wọn máa ń dùn sí i. Tí wọ́n bá ní kí ẹ má wọ̀ ọ́, kò sí àròyé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ìyẹn oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, Hanalei dára fún ọmọdé, iyanrìn ló wà nílẹ̀ omi, kò sì tètè jìn. Etíkun ʻAnini, kí ẹ tó dé Princeville, ní òkìtì iyùn gígùn tó dí ìgbì lọ́nà. Ẹ lè fi awò wo ẹja níbẹ̀, òun nìkan ni mo yọ sílẹ̀ nínú ohun tí mo sọ nípa lifeguard, àmọ́ ẹ má sún mọ́ ibi tí omi ti ń já jáde sí òkun ńlá.

Ọ̀rọ̀ Queen's Bath ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Àwòrán rẹ̀ pọ̀ lórí Facebook, adágún aláwọ̀ ewé láàárín àpáta dúdú, nínú Princeville gan-an. Ènìyàn ti kú níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Ìgbì á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èyí tó kàn á wá gbá ẹni tó dúró lórí àpáta gbígbẹ lọ. Wọ́n máa ń ti géètì rẹ̀ pa nígbà òtútù. Ẹ má gun géètì. Kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi ò ní kó ọmọ lọ síbẹ̀.

Tí omi bá ń fà yín lọ sókun, ẹ má bá a jìjàkadì. Ẹ léfòó, ẹ na ọwọ́ sókè kí wọ́n rí yín, ẹ lúwẹ̀ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ẹ ó fi bọ́ nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ etíkun Kauaʻi, wọ́n fi ọ̀pá rọ́bà ìdóòlà kọ́ sórí òpó. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń rì, ìyẹn ni kí ẹ jù sí i kí ẹ tó ronú àtibọ́ sómi.

Tí ẹ bá bá séèlì, ẹranko òkun ńlá kan, tó ń sùn lórí iyanrìn, ẹ fi 50 ẹsẹ̀ bàtà sílẹ̀ láàárín yín. 10 ni ti ìjàpá òkun. Láti 2021, òfin Hawaii ti fòfin de títa ìpara oòrùn tó ní oxybenzone tàbí octinoxate nínú, torí ó ń pa iyùn lára. Ẹ má kó irú rẹ̀ wá láti ilé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹsẹ̀ àti koko

Ọ̀nà Kalalau jẹ́ máìlì 11 ní àlọ nìkan. Ẹ má dán gbogbo rẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá etíkun Hanakāpīʻai gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀. Máìlì méjì àkọ́kọ́ tó ẹni tó lera, láti Kēʻē dé Hanakāpīʻai, kí ẹ sì padà. Ẹrẹ̀ wà, gbòǹgbò wà, ẹ tètè jáde, ẹ gbé omi mímu dání. Odò kan wà ní òpin rẹ̀: tí omi rẹ̀ bá ti pọ́n tàbí tó ń ga, ẹ má sọdá, òjò tó ń rọ̀ lórí òkè ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn lórí yín. Ẹ má lúwẹ̀ẹ́ ní etíkun tó wà níbẹ̀ rárá. Ẹ má sì mu omi odò, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi ojú egbò wọ̀ ọ́, nítorí àrùn leptospirosis tó ń wá láti inú ìtọ̀ eku àti ẹlẹ́dẹ̀.

Ìyá mi, tí kì í rìn jìnnà mọ́, bá wa lọ nígbà kejì. Ibi tó fẹ́ràn jù ni ibi tí ẹ ti lè dúró ní Princeville kí ẹ wo àfonífojì Hanalei nísàlẹ̀: oko koko nínú omi, abala-abala, tí ewé rẹ̀ tẹ́ lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè. Koko tá a mọ̀ yẹn ni, *kalo* ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á sè é, wọ́n á fi òkúta gún un, wọ́n á fi omi lò ó, ó di *poi*. Ó lè ṣe ọjọ́ mélòó kan kó kan díẹ̀, bí ògì wa. Ìtàn wọn ni pé ẹ̀gbọ́n ènìyàn ni kalo, òun ni wọ́n kọ́kọ́ bí. Ìyá mi tọ́ ọ wò, ó dákẹ́, ó ní, "Èyí ò jìnnà sílé." Ẹ rà á ní Hanalei. Ẹ má wọ inú oko, oko ènìyàn ni, ibi ààbò ẹyẹ omi sì ni apá tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń to ọjọ́ márùn-ún

Ọjọ́ kìíní, ìsinmi àti Hanalei nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kejì, Hāʻena látàárọ̀. Ọjọ́ kẹta, gọ́ọ̀fù Makai ní aago méje, kí n padà wálé kó tó di aago kan, ká jọ lọ sí ʻAnini. Ọjọ́ kẹrin, Kīlauea Point fún gbogbo ilé. Ọjọ́ karùn-ún ni mo máa ń fi sílẹ̀ lófo, torí òjò á ṣáà gba ọ̀kan nínú wọn. Tí kò bá gbà á, Wailua ń dúró.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ó padà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ bàtà ìrìn àti bàtà gọ́ọ̀fù, kí ẹ sì fi ọtí ìpakòkòrò nù ún. Àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tó ń pa ʻōhiʻa, igi ìbílẹ̀ Hawaii, ó sì ti dé Kauaʻi láti 2018. Ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà lè gbé e láti igbó kan dé òmíràn. Ẹ jẹ èso yín tán kí ẹ tó dé pápákọ̀, wọ́n máa yẹ ẹrù yín wò níbẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀ padà, ọ̀pọ̀ èso tútù ni wọn ò sì ní jẹ́ kó kọjá.